Kí okùn ìmọ́lẹ̀ má ṣe dúró sí àárín ìlú

Inú okùn dígí tín-ín-rín tí a ń pè ní fibre ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ilé. Lójú ọ̀nà, ohun kékeré kan tí kò lo iná mànàmáná rárá a máa pín okùn kan fún ilé 32 tàbí 64. Ohun tó yẹ ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n irú tó wọ́pọ̀ kì í sábà kọjá kìlómítà 20. Láti Àjàṣẹ́, Sakété ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pobè jìnnà tó ìlọ́po méjì Sakété. Nítorí náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ilé ẹ̀rọ tirẹ̀, pẹ̀lú iná àti ẹ̀ṣọ́. Ta ni yóò kọ́ irú rẹ̀ fún abúlé tí oníbàárà rẹ̀ kò pé ogún?

Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dán irú tó dé kìlómítà 100 wò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fún ìmọ́lẹ̀ ní agbára lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò okùn ní ẹkùn Plateau yẹ̀ ẹ́ wò, kí àwọn abúlé tó yí Ikpinlè ká lè wọ inú ìṣirò. Olóko tó ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, tó ti wà ní Pobè láti ọdún 1922, kò ní máa san owó zémidjan nítorí rẹ̀.

Ewu wà níbẹ̀ o. Bí okùn gígùn bá já, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò pàdánù. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Bénin náà sì jẹ nínú ìyà rẹ̀. Katakata tó ń la títì kò mọ okùn yàtọ̀ sí gbòǹgbò igi. Kí wọ́n la ọ̀nà kejì gba ìhà Kétou kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ará abúlé.