Àgbádárìgì Tàbí Ouidah: Etíkun Wo Ni Kí Ìdílé Kọ́kọ́ Lọ?

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń súnmọ́lé, tí àwọn ilé ìwé ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi, àríyànjiyàn kan a máa wáyé nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn: etíkun wo ni ó yẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ? Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń wo fọ́tò lórí Instagram a ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni. Bàbá tí ó ń ṣírò owó epo ọkọ̀ a ní Àgbádárìgì ni. Òkun wà ní ìlú méjèèjì, àgbọn wà níbẹ̀, ìtàn òwò ẹrú náà sì wà níbẹ̀. Èyí ni àwọn kan fi ń rò pé ẹni tí ó bá ti rí ọ̀kan ti rí èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ kò ṣe é fi pamọ́: Ouidah ti múra de àlejò ju Àgbádárìgì lọ. Ìjọba Benin ti ná owó gidi lé ìlú náà lórí, ó sì hàn. Láti gbàgede tí wọ́n ti ń ta ẹrú títí dé etíkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Àlejò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí ó máa wo àwọn ère tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, títí yóò fi dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995. Tẹ́ńpìlì òjòlá wà níbẹ̀, igbó mímọ́ Kpassè wà níbẹ̀, bí oṣù Kìn-ín-ní bá sì dé, ọdún Vodun a máa kó èrò jọ láti òkèèrè. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn Ouidah, ojú rẹ̀ ni ó ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, owó sẹ́fà kan kò tó náírà méjì. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀, ó kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Oúnjẹ àti ilé ìtura tí ó rọrùn fún ará Èkó nígbà kan ti di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Benin, síbẹ̀ àkókò tí ènìyàn ń lò ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọ̀nà burúkú ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi ta ko Àgbádárìgì, wọn kò sì parọ́. Ọdún 2009 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òpópónà yẹn; ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tí ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìtìjú ni. Àmọ́ àfi ẹni tí ó bá gba Ìdí-Ìrókò, ọ̀nà kan náà ni ará Èkó tí ó ń lọ sí Ouidah yóò gbà, yóò kọjá Sẹ̀mẹ̀, yóò la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu, yóò sì tún rin nǹkan bí ogójì kìlómítà sí i. Ìyà tí ó ń sá fún ní Àgbádárìgì ni ó tún fi owó sẹ́fà rà.

Ohun tí Àgbádárìgì ní tí Ouidah kò lè fún ọmọ Yorùbá ni èdè. Faransé àti Fọ̀n ni ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà ń sọ ní Ouidah. Ìyá àgbà tí ó bá tẹ̀lé ìdílé rẹ̀ lọ yóò kàn máa wo ẹnu ni. Ní Àgbádárìgì, bí afinimọ̀nà ti ń sọ Ègùn ni ó ń sọ Yorùbá, ìyá àgbà sì lè dá a dúró kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ sì wà láti bi. Ṣẹ́ríkí Williams Abass, ọmọ Ìjógà, ni wọ́n tà lẹ́rú dé Brazil. Ó padà wá, òun náà sì di olówò ẹrú. Ilé tí ó ń há àwọn ènìyàn mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò jìnnà sí i ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ parí ní 1845. Lọ́dún yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, dé sí Àgbádárìgì kí ó tó gba Abẹ́òkúta lọ. Ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n tà, tí wọ́n padà: ọ̀kan gbé ìwé bọ̀, èkejì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò béèrè ìdí rẹ̀, ó sì yẹ kí ó gbọ́ ìdáhùn ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀.

Nítorí náà, ìdílé tí ó ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, Àgbádárìgì ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀sẹ̀ kan àti owó lọ́wọ́ lè tẹ̀ síwájú dé Ouidah lẹ́yìn náà, yóò sì gbádùn rẹ̀ sí i, nítorí yóò ti mọ ohun tí ó ń wò. Wọ́n á fi igi ìgbàgbé hàn án níbẹ̀, tí wọ́n ní ọkùnrin ń yí ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Yóò rántí kànga Gbẹ̀rẹ̀fù, tí wọ́n ní omi rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun kan ni kò yàtọ̀ ní ìlú méjèèjì: òkun ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ le, abẹ́ rẹ̀ ń fa ènìyàn lọ, kódà ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Etí omi ni kí eré wọn mọ. Ọ̀sà náà ni wọn yóò sì gbà dé Gbẹ̀rẹ̀fù, nítorí náà kí òbí rí i pé ẹ̀wù amúniléfòó wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra; bí ọlọ́kọ̀ bá ní èyí tí ó wà kò kárí, kí wọ́n dúró de òmíràn.