Ẹ Má Fi Orúkọ Scopoletin Ta Omi Àrìdan



Inú mi a máa dùn bí ìmọ̀ àwọn baba wa bá di ohun tí yunifásítì ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń ròyìn àrìdan, tí àwọn mìíràn ń pè ní àìdan, lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. A ń sọ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrìdan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ojewole àti Adesina ṣiṣẹ́ lórí scopoletin, èròjà kan nínú ìdílé coumarin, tí a yọ láti inú èso àrìdan. Ní 1983 wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde: nígbà tí èròjà náà wọ ara àwọn ẹranko inú yàrá ìwádìí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, wọ́n sì ní ó jọ pé ó ń mú kí iṣan dẹ̀ ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ilé wa níhìn-ín ni a sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ara ẹranko ni wọ́n ti dán an wò, èròjà tí a yọ sọ́tọ̀ sì ni, kì í ṣe odidi èso tí a sè nínú ìkòkò.

Ẹ tún wo ẹ̀gẹ́. Bí a bá fà á tu, tí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, scopoletin yìí kan náà a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí ó ti ń bàjẹ́ lọ. Ta ni nínú wa tí yóò fi ẹ̀gẹ́ tí ó ti dúdú tọ́jú aláìsàn? Èròjà nìkan kọ́ ni oògùn. Ìwọ̀n ń bẹ, bí a ti sè é ń bẹ, ohun tí a pò ó mọ́ náà ń bẹ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń rọ omi àrìdan sínú ìgò, tí wọ́n sì ń sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé kí ó da oògùn ilé ìwòsàn nù. Àìsàn yìí lè wà lára ènìyàn láìsí ibi tí ń dùn ún, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi gbé e dè. Ta ni ó rán wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀sanyìn kọ́.

Àwọn onísègùn ti ń fi àrìdan tọ́jú gìrì ọmọdé kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dé yàrá ìwádìí. Kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n lò sọ ọ́ fún ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀: iye èso, iye omi, iye ọjọ́, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn kan yóò ní awo ni. Mo gbà fún wọn ní ti ọfọ̀. Èmi kò gbà ní ti iye omi inú ìkòkò.