ERÉ SINIMÁ: ÈWO NI TI ÌMỌ̀ ÌJÌNLẸ̀, ÈWO NI ÀLỌ́?

Àwa gbọ́ pé bàbá kan sọ pé irọ́ kan náà ni gbogbo eré sinimá tí ènìyàn bá ti ń fò lójú ọ̀run, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wo èyíkéyìí nínú wọn. Òun ni olórí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu àti kókò ni ó kó sínú àpò kan yìí.

Ní ọdún 1902, Georges Méliès ará Faransé, tí í ṣe onídán kí ó tó di onísinimá, ṣe eré ìrìn-àjò sí òṣùpá. Àgbá ńlá ni a fi yìn wọ́n lọ, ọta wọn sì gún òṣùpá lójú, nítorí òṣùpá ibẹ̀ ní ojú bí ènìyàn. Bí wọ́n bá fi agboòrùn lu ará òṣùpá, a fọ́ di èéfín. Ẹ̀rín ni a fi ṣe é.

Ní 1929, Fritz Lang ṣe tirẹ̀ ní Jámánì, Frau im Mond, èyíinì ni Obìnrin nínú Òṣùpá. Ó pe Hermann Oberth, ẹni tí ó ti kọ ìwé lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì, láti gbà á ní ìmọ̀ràn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì inú eré náà ní ìpele-ìpele, èyí tí epo rẹ̀ bá tán a sì já sílẹ̀. A ka nọ́ńbà láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gbéra. Lóòótọ́, wọ́n fi afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí sí orí òṣùpá, èyí tí kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Àṣìṣe ni, a sì lè fi ìṣirò dá a lẹ́bi. Ta ni yóò fi ìṣirò bá bàtà pupa Dorothy jà, nínú The Wizard of Oz ti 1939, èyí tí ó gbé e padà sílé nígbà tí ó fi gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta?

Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè pé, “Bàbá, ǹjẹ́ ó lè rí bẹ́ẹ̀?” ọ̀nà tí nǹkan gbà ṣẹlẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Ní ti Star Wars ti 1977, ọkọ̀ òfúrufú kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àìrí ni ó ń ṣẹ́ ogun ibẹ̀. Àwa kà á sí àlọ́ tí ó wọ ẹ̀wù irin. Ọ̀pọ̀ yóò bá wa jiyàn.

Àjẹ́ inú àlọ́ ni bàbá yẹn ń bẹ̀rù. Èkejì gan-an ni ó yẹ kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ wò, nítorí ohun inú rẹ̀ a máa jáde wá. Ní oṣù kẹwàá 1942, rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 ti Jámánì tí ó kọ́kọ́ gòkè láìkùnà, àmì Frau im Mond ni a yà sí i lára. Ní 1944 irú rẹ̀ ń já lu London, ó ń pa ìyá àti ọmọ nínú ilé wọn. Wernher von Braun tí ó darí iṣẹ́ náà ni ó tún darí àwọn tí ó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gbé ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ní 1969.