Ike Pẹ̀lú Ń Gbó

Ẹni tó rò pé ike kì í gbó, kí ó wo kẹ́ẹ̀gì tó ti pẹ́ nínú oòrùn: á ṣá, á le, á sì sán. Kẹ́ẹ̀gì epo 304 ni Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́, fi ṣe La Bouche du Roi, iṣẹ́ ọnà lórí òwò ẹrú tí British Museum rà ní 2007. Àtè kì í mú irú ike bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìtọ́jú ike kò sì dọ́gba. Ẹ̀rọ wà tí ń fi ìtànṣán tí ojú kò rí sọ irú èyí tó jẹ́, láìgé e.

Benin gba ìṣúra ọba 26 padà lọ́wọ́ Faransé ní 2021, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ igi tọ́jú lè má mọ ike tọ́jú. Kí ìjọba rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ọ nísinsìnyí.