Kẹ̀kẹ́ Kò Gbọdọ̀ Dúró Níbí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìjà tí ó wà láàrin èmi àti àwọn awakọ̀ tí ń fun fèrè mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ létí bí ẹni pé ogun ló wọ̀lú. Ẹ mọ ìjà èmi àti àwọn tí ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà. Ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá ti sọ pé "mo ti wí i, n ó sì tún un wí", ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí dé egungun nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ti wí i, n ó sì tún un wí: ìlú tí bàbá kò bá ti rí ibi tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ tì, ìlú náà kò tíì múra àtitọ́ ọmọ.

Ohun mẹ́ta ni mo pinnu láti kọ, mo sì ti pín wọn sí ìsọ̀rí kí n tó mú gègé: èkíní, kẹ̀kẹ́ ológeere, èkejì, oko, ẹ̀kẹta, ọjà. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣàlàyé bí tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn ṣe lè jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbafẹ́ kí wọ́n sì kọ́gbọ́n, láìjẹ gbèsè, nítorí pé láti oṣù Kárùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo tí à ń ra ní nǹkan bí 190 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí, ẹni tí ó sì ní ọkọ̀ níwájú ilé ti ń wò ó bí ẹni ń wo ère.

Ìsọ̀rí Kìíní: Kẹ̀kẹ́

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lórí koríko, èmi àti àwọn ọmọ ọmọ mi méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gun kẹ̀kẹ́ jáde nílé wa ní Òṣogbo, Òṣogbo Oròkí, ìlú aró. A gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ìlú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, a sì yà sí oko ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń wa iṣu lọ́wọ́. Èyí àbúrò, tí ó ti ń jẹ iyán láti ìgbà tí ó ti hu eyín, kò mọ̀ rí pé orí ọ̀pá ni ewé iṣu ń gùn, tí iṣu fúnra rẹ̀ sì ń fara pamọ́ sínú ebè. Àgbẹ̀ náà wa ẹ̀gbẹ́ ebè jẹ́jẹ́, ó gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀ láìfa ìtàkùn rẹ̀ tu, ó sì dá erùpẹ̀ padà bò ó kí ó lè tún ta èyí tí yóò fi ṣe èèbù lọ́dún tí ń bọ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó tún kù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ iye ọdún tí olùkọ́ kan ìbá lò nínú yàrá kí ó tó lè fi ohun tí ọmọ yẹn rí láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún yé e.

Wọ́n fún wa ní iṣu. A fi rọ́bà inú táyà dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, a sì ń padà bọ̀ wálé pẹ̀lú ayọ̀, oòrùn ti mú, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ọmọ. Ilé ìtajà ńlá kan wà lẹ́bàá títì tí a ó gbà. A yà síbẹ̀ láti ra omi tútù. Mo fojú ka gbangba tí ó wà níwájú rẹ̀: ààyè ogún ọkọ̀ ni, ọkọ̀ mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀. A kò tíì fẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ fi sáré tọ̀ wá wá. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí a kọ́, ó wá ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àwọn kẹ̀kẹ́ yìí kúrò. Àwọn ọ̀gá ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ dúró níbí. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ni a ṣe ibẹ̀ fún."

N kò bá ọmọkùnrin náà jà. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ti kẹ̀kẹ́ wa padà sí ojú títì, tí àwọn awakọ̀ tí ẹ mọ̀ dáadáa yẹn ń fun fèrè mọ́ wa látẹ̀yìn, èyí ẹ̀gbọ́n bi mí ní ìbéèrè tí ó gba oorun lójú mi lálẹ́ ọjọ́ náà: "Bàbá, ṣé àwa kì í ṣe oníbàárà ni?"

Owó wà lápò mi. Ìwà ọmọlúwàbí wà lára wa. Ohun tí kò sí lọ́dọ̀ wa ni ẹ́ńjìnnì, àìsí ẹ́ńjìnnì náà ni ó sì sọ bàbá arúgbó àti ọmọ kéékèèké méjì di ẹni tí a ń lé bí ewúrẹ́ tí ó wọ ilé onílé. Ìgbà wo ni kẹ̀kẹ́ di àmì ìṣẹ́ láàrin wa? Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lọ bá bàbá mi, nítorí bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.

Bàbá mi ra kòkó fún àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Raleigh sì ni ó gùn, èyí tí wọ́n ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dúdú, ó ń dán, pẹ̀lú agogo tí ìyá mi máa ń gbọ́ láti ibi tí ó jókòó sí nínú ilé ìdáná tí yóò sì gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ní ọjọ́ tí a bá ń lọ sí oko láti Iléṣà, yóò ká aṣọ ògbólógbòó sórí irin ìdábùú kí ó má baà ta mí ní ìdí, èmi yóò jókòó níwájú, ìyá mi yóò jókòó lẹ́yìn lórí kárìà, àbúrò mi yóò sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, a ó wá di ènìyàn mẹ́rin lórí táyà méjì. Orí irin yẹn ni mo ti kọ́ orúkọ gbogbo odò tí ó wà lójú ọ̀nà. Orí rẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí ó ni oko yìí àti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ààlà, ibi tí baba ńlá ta pa ẹfọ̀n sí, ìdí tí a kì í fi í gé igi ìrókò tí ó wà ní ìyànà kejì. Bí a bá dé orí òkè, bàbá mi yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa tì í, yóò sì máa kì wá bí ó ti ń mí gúlegúle: ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, Ìjẹ̀ṣà onílé obì. N kò tíì rí ọkọ̀ tí bàbá ti ń ki ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀, rédíò ni ó ń sọ̀rọ̀.

Kì í sì í ṣe bàbá mi nìkan. Rélùwéè tí ó dé Òṣogbo ní 1907 kò yà sí Iléṣà, nítorí náà ẹrù tí ó bá ti inú oko Ìjẹ̀ṣà bọ̀ ní láti wá ẹsẹ̀ tàbí táyà tí yóò gbé e. Àwọn òṣómàáló tí mo mọ̀ ní kékeré, àwọn tí ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbé aṣọ dé abúlé tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun ni wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ àwọn ọmọ wọn ni ó wá kọ́ ilé ìtajà tí ó ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ dúró níbí.

Ẹ má ṣe sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀ níbi tí ó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ kẹ̀kẹ́: ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ìtukọ̀, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ti dárúkọ ọjà, tí ó sì tún dárúkọ òpópónà, ọgbà ìtura àti gbangba ìlú. Bàbá mi san owó ìwé àṣẹ yẹn, mo rí páánù róbótó tí wọ́n fi í dì mọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo ń bi alága Òṣogbo, mo ń bi ti Ọlọ́rundá, mo ń bi ti Ìlà-Oòrùn Iléṣà àti ti Ìwọ̀-Oòrùn rẹ̀: òfin fi kẹ̀kẹ́ lé yín lọ́wọ́, níbo ni ẹ gbé e sí?

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ni ó lè wá ààyè fún kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òyìnbó. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, lọ́dún 1971 nìkan, ọkọ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní 3,000, àwọn ọmọdé tí ó wà nínú wọn sì ju 400 lọ. Àwọn òbí fi ìbínú jáde sí ìgboro, wọ́n pe ìpànìyàn yẹn ní orúkọ tí ó jẹ́, wọ́n ní ọmọ wọn ni wọ́n ń pa. Nígbà tí epo tún wọ́n ní 1973, ìjọba wọn fi òfin dá ọkọ̀ dúró ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan láti oṣù Kọkànlá lọ, ìdílé-ìdílé sì gun kẹ̀kẹ́ wọ orí títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́, tí ó fi jẹ́ pé lónìí ìyá a gbé ọmọ méjì síwájú, a gbé ẹrù ọjà sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè bóyá ebi ń pa á. Epo ti wọ́n fún àwa náà. Ọmọ wa náà wà lójú títì. Kí ni a ń retí?

Ìsọ̀rí Kejì: Oko

Mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ oko. Ọwá Ajímókò Kìíní, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tún ń jẹ́ Frederick Haastrup, gorí àpèrè ní 1896, nígbà ayé rẹ̀ sì ni kòkó ń wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, èso tí ó wá sọ abúlé di ìlú. Síbẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà púpọ̀ wà nísinsìnyí tí ó ti jẹ ṣokoléètì tí kò tíì fọ́ kòkó rí, tí kò mọ̀ pé ohun funfun tí ó bo hóró rẹ̀ dùn lẹ́nu ju súìtì lọ, tí kò tíì gbóòórùn kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí a tó sá a sóòrùn lórí ẹní. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, kòkó yóò pọ́n, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan yóò sì gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí láti fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ lọ wo ẹranko oníke ní ìlú mìíràn, nígbà tí oko kòkó wà ní ìrìn kẹ̀kẹ́ ìdajì wákàtí sí Iléṣà.

Ìrìn kẹ̀kẹ́ ìdajì wákàtí ni mo wí, ibẹ̀ ni inú tún ti ń bí mi. Ta ni yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ títì wa ti jẹ tán, ibi tí kò sì jẹ, iyanrìn ẹni tí ń kọ́lé ni ó wà níbẹ̀, ibi tí kò sí iyanrìn, ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ni. Tírélà yóò kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan yóò ti ọmọdé sínú gọ́tà, gọ́tà náà yóò sì jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lórí. Mo ti wí i, n ó sì tún un wí. N kò béèrè ọ̀nà oníbílíọ̀nù. Ẹ fa ìlà funfun kan, ẹ kó iyanrìn kúrò, ẹ fi irin méjì sẹ́nu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan kí ènìyàn lè so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Mo ti bi wẹ́dà kan ní àdúgbò wa, ó ní iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni.

Ààyè mi ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fọwọ́ kan ìsọ̀rí kẹta. Èyí tí mo lè sọ ni pé ọjà ni ilé ìwé ìṣirò tí ìyá mi fi mí sí: níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í ná ọjà láìbú ọlọ́jà, níbẹ̀ ni ó ti ń mọ kóńgò tí ó kún àti èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé, níbẹ̀ ni ó sì ti ń mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá ti wọn nǹkan tán, ènì ṣì kù, a sì lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè rẹ̀. Ilé ìtajà tí ó lé wa kì í fún ni lénì.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, a ó gbé kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì láti Òṣogbo dé Iléṣà, nǹkan bí kìlómítà 30, a ó sì gùn wọ́n láti ilé bàbá mi lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Àwọn ọmọ ti tọ́jú owó tí wọn yóò fi ra ata fúnra wọn. Èyí àbúrò ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá àwọn ará ibẹ̀ yóò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ òun dúró. Mo sọ fún un pé màmá kan wà níbẹ̀ tí òun àti ìyá mi jọ tajà, pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí ó máa ń sọ kí ó tó dáhùn ìkíni mi ni, "Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ata mi níbí, n ó máa bá ọ wò ó."