Wenger kì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi ọdún 2015

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal tí ẹ ṣì ń pe Arsène Wenger ní ahun, ẹ rọra. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Emirates lọ́dún 2006, gbèsè pápá tuntun wà lọ́rùn ẹgbẹ́. Bàbá ń ra ọ̀dọ́, ó ń tọ́ wọn, síbẹ̀ Arsenal ò kúrò ní ipò mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọgbọ́n nìyẹn.

Ẹ̀sùn tèmi ni ti 2015. Owó ti wà nígbà yẹn. Ṣebí wọ́n ti ra Özil àti Sánchez. Síbẹ̀, kí sáà yẹn tó bẹ̀rẹ̀, Petr Čech tó jẹ́ aṣọ́lé nìkan ló rà fún ikọ̀ àgbà. Chelsea ṣubú, United ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, Leicester wá gba ife, àmì 10 ni wọ́n fi ju Arsenal lọ. Leicester tí Arsenal nà nílé, tí wọ́n tún nà lóko!

Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sẹ́ni tó ní ká má fowó pamọ́. Àmọ́ tí ọjọ́ tá a torí ẹ̀ pa á mọ́ bá dé, ẹ jẹ́ ká ná an.