Abẹ́rẹ́ Okun Kọ́ Loògùn Àárẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ okun yìí ti ń pọ̀ jù o. Èèyàn á ti ibiṣẹ́ dé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ti mú gbogbo ara ẹ̀, dípò kó jẹun kó sùn, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì: "Ẹ gún mi ní B-complex." Àwọn kan tiẹ̀ ń gba glutathione sójú iṣan, wọ́n láwọn fẹ́ pupa. Bẹ́ẹ̀, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kankan fún bíbóra.

Ẹ gbọ́ o. Fítámì B1 tó wà nínú B-complex lè bá ara ẹlòmíì jà lójú ẹsẹ̀, kí èémí fẹ́ẹ́ má jáde mọ́. Ẹni tí ò mọbi tí wọ́n ń gún lè gún iṣan tó gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀, kí ẹsẹ̀ rọ. Abẹ́rẹ́ àlòkù sì ń kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì ranni. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ò gba onípátẹ oògùn láyè láti gúnni lábẹ́rẹ́.

Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ gbà á, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ lọ. Kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ. Àárẹ̀ tí ò lọ bọ̀rọ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àtọ̀gbẹ lè wà nídìí ẹ̀. Àyẹ̀wò ló máa sọ ọ́.

Ẹni tó ń wá okun, kó má lọ fi ẹsẹ̀ tó ń gbé e rìn dí i o.